Kí Ẹnu Sinmi Kí Etí Lè Gbọ́

Àwọn baba wa kì í fi ojú rere wo ìdákẹ́jẹ́ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọmọ tí ó bá jí ní òwúrọ̀ tí kò kí bàbá àti ìyá rẹ̀, wọn yóò bi í pé ta ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Bí ẹni méjì bá ń gbé agboolé kan náà, tí wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé àṣàrò ni wọ́n ń ṣe. Odì ni a óò sọ pé wọ́n ń yàn. Ìdákẹ́jẹ́ ní ilẹ̀ wa a máa jẹ́ àmì ìbínú, tàbí àmì ọ̀fọ̀, tàbí àmì pé ẹnì kan ń pète ohun tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀. Nítorí náà, bí mo bá wí pé mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí èrè tí ó wà nínú kí ènìyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ibi kan, kí ó sì panu mọ́ níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé mi yóò ti máa bi ara yín pé: irú àṣà òyìnbó wo tún nìyí?

Èsì mi ni pé àṣà tiwa ni. Ní Ilé-Ifẹ̀ tí mo ti ń kọ̀wé yìí, kò sí ọmọ-oyè tí ó ń gorí ìtẹ́ Odùduwà láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wọ Ilé Ìlofì. Ọjọ́ 21 ni yóò fi wà níbẹ̀, tí ojú ayé kò ní rí i, tí òun náà kò sì ní rí ojú ayé, àfi ìwọ̀nba àwọn ìjòyè àti àwọn àwòrò tí ètùtù àti ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní ọwọ́ wọn. Ní púpọ̀ nínú àwọn ìlú Yorùbá yòókù, ìpèbí ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé, Olúbùṣe Kejì, wàjà ní oṣù keje ọdún 2015, tí a sì kéde Ọmọọba Adéyẹyè Ẹniìtàn Ògúnwùsì ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà, ẹni ọdún 41 ni ọmọ-oyè yìí. Oníṣirò owó ni, oníṣòwò sì ni, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe kí ó má sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Síbẹ̀síbẹ̀, Ìlofì ni wọ́n mú un lọ. Ìgbà tí ó jáde ni a tó gbé ọ̀pá àṣẹ lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí sí ọjọ́ ìgorí-ìtẹ́. Lọ́dọọdún, kí ọjọ́ Ọlọ́jọ́ tó pé, Ọọ̀ni a tún máa wọ ìyàsọ́tọ̀ fún ọjọ́ méje. Ìgbà tí ó bá jáde ni ó ń dé Adé Àrè, tí ó sì ń lọ sí Òkè Mògún láàárín ìlù, orin àti igbe ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Àwọn tí ó ń wá wòran, ariwo ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n ń rí. Wọn kì í ronú kan ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ méje tí ó ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí ó jẹ́ awo nínú Ìlofì, kì í ṣe ti ọ̀gbẹ̀rì, n kò sì ní í fi ẹnu mi bà á. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wa lè rí láti ìta. Àwọn àgbà Ifẹ̀ kò fi ìyàsọ́tọ̀ ṣe ìsinmi fún ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ tán tí ó rẹ̀. Wọ́n fi í sí iwájú ẹrù. Ẹni tí a fẹ́ gbé ẹrù ìlú rù, wọ́n kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ kúrò ní ẹnu rẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ-oyè kì í fọhùn rárá nínú Ìlofì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń gbọ́ pọ̀ ju ohun tí ó ń sọ lọ. Wọ́n mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ó bá ti jáde, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò di àṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni ẹyin sì ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ìbéèrè tí ó ti ń gbé inú mi ni èyí: ṣé ọba nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè fọ́ ilé? Bàbá nínú ilé ńkọ́? Ìyá ọjà ńkọ́? Olùkọ́ ńkọ́? Bí ọba bá nílò ọjọ́ 21 kí ó tó lè la ẹnu, kí ni ó dé tí àwa yòókù ṣe rò pé a kò nílò wákàtí kan?

Àwọn ẹ̀sìn tí ó wọlé tọ̀ wá náà kò ṣàì mọ èyí. Inú ilé tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti jọ ń jẹun ni a ti tọ́ mi dàgbà, nítorí náà apá méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ. Àwọn Mùsùlùmí ní ìtíkáfù: ní ọjọ́ mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn oṣù Ramadan, ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó máa gbé inú mọ́sálásí, gẹ́gẹ́ bí Ànábì Muhammad ti ṣe. Wọn kò ní kí ó ya odi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò wúlò ni yóò yẹra fún. Ṣáájú kí iṣẹ́ tó dé bá Ànábì, inú ihò àpáta Hira ní ẹ̀bá Mẹ́kà ni ó ti máa ń dá wà. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì ní ìtàn Èlíjà lórí òkè Hórébù: ìjì líle kọjá, ilẹ̀ mì, iná jó, ṣùgbọ́n ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí ó tẹ̀lé gbogbo wọn ni wòlíì náà tó gbọ́. Ní ilẹ̀ Íńdíà, S. N. Goenka bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ọdún 1969 ní irú àṣàrò kan tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń ṣe. Nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá náà, títí di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kì í bá akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kódà wọn kì í ṣẹ́jú sí ara wọn. Ẹ̀kọ́ náà ti tàn ká ayé.

N kò lọ sí Íńdíà. Ìrẹ̀mọ ni ọ̀rọ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ìrẹ̀mọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ márùn-ún tí a fi ń ka Ilé-Ifẹ̀: Ìrẹ̀mọ, Òkèrèwè, Mọ̀ọ̀rẹ̀, Ìlódè àti Ìlárè. Ọbalùfẹ̀ ni olórí rẹ̀, agboolé wa sì wà níbẹ̀ láti ayé baba ńlá wa. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò náà mọ̀ pé kì í ṣe ibi tí a ti ń wá ìdákẹ́jẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ládàánì ti pe ìrun, oníwàásù kan ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí ìkóríta. Bí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé kan a máa dá ti ilé kejì lóhùn. Ẹlẹ́rọ ata ń lọ̀, ọlọ́kadà ń fọn fèrè, ẹni tí ń ta oògùn eku ń polówó. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1999 pé ariwo tí ń lọ láìdáwọ́ dúró nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn kò yẹ kí ó ju ìwọ̀n dẹ̀síbẹ̀lì 30 lọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì ń bá ara wọn sọ lásán a máa tó 60. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò tiwa wò. Ariwo yìí kì í ṣe ọ̀tá mi o. Ariwo ìyè ni, òun ni wọ́n sì fi rẹ̀ mí lẹ́kún nígbà tí mo wà ní ọmọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan dé tí n kò lè gbọ́ ara mi nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó jẹ́ olórí ẹbí ni ó papò dà, tí wọ́n sì ní èmi ni ó kàn. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo jogún pẹ̀lú oyè náà. Oníṣòwò kan fẹ́ ra ilẹ̀ tí ó wà ní iwájú agboolé wa, títí dé ẹ̀yìnkùlé, kí ó lè kọ́ ìsọ̀ sí i. Owó tí ó dá lé e kì í ṣe kékeré. Àwọn ọmọ tí ó wà ní Èkó àti ní òkè òkun ní kí a tà á, kí olúkúlùkù mú ìpín tirẹ̀ lọ. Àwọn tí ó wà nílé ní ibojì àwọn baba wa ń bẹ nínú rẹ̀. Ìdí-igi kan ti gba lọ́yà, ìkejì sì ń wá tirẹ̀. Ìpàdé mẹ́ta ni a ṣe, ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì tú ká pẹ̀lú èébú. Níkẹyìn wọ́n ní, “Bàbá, ẹ̀yin ni olórí. Ẹ fún wa ní ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí ẹ bá sọ ni a óò fi ṣe òfin.” Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn mi kò ti sinmi mọ́. Ẹni tí ó wá ní òwúrọ̀ ń sọ ti ẹni tí yóò wá ní ọ̀sán, fóònù mi sì ń dún ní òru, nítorí pé ọ̀sán ni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi gbọ́ ti gbogbo ènìyàn, síbẹ̀ n kò rí ẹjọ́ kankan dá.

Ìgbà náà ni mo rántí Ìlofì. Mo bi ara mi pé bí a bá ń sé ọba mọ́lé kí ó tó gba ìlú, ta ni yóò sé olórí ẹbí mọ́lé kí ó tó gba agboolé? Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà ni ó bá mi wá àyè sí ilé àwọn mọ́ńkì ti Ẹni Mímọ́ Benedict ní Ewu, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ibẹ̀ nítorí egbòogi, nítorí níbẹ̀ ni Fadá Anselm Adodo ti dá ilé ìṣoògùn Pax sílẹ̀ ní ọdún 1996. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ fi ayé wọn jì ni àdúrà àti iṣẹ́ ọwọ́, ní ìlànà ìwé òfin kan tí Benedict kọ ní ilẹ̀ Ítálì ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Orí 73 ni ìwé náà ní. Orí kẹfà dá lórí ìdákẹ́jẹ́. Orí 42 sì pàṣẹ pé lẹ́yìn àdúrà alẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, àfi bí àlejò bá dé tàbí bí ọ̀gá ilé bá ní iṣẹ́ tí ó fẹ́ rán ẹnì kan. Orí 53 ní kí wọ́n gba gbogbo àlejò bí ẹni pé Jésù fúnra rẹ̀ ni ó wá. Wọn kò bi mí léèrè ẹ̀sìn tí mò ń ṣe. Wọ́n fún mi ní yàrá, ibùsùn, tábìlì àti àga kan. Mo pa fóònù mi, mo fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, mo sì pinnu pé n kò ní í sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méje ju ìkíni lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín: ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò dùn. Ẹni tí ó bá rò pé bí ẹnu bá ti dákẹ́ ni inú yóò dákẹ́, kò tíì dán an wò. Ìgbà tí ariwo ìta tán ni mo tó gbọ́ bí ariwo ti inú ti pọ̀ tó. Mò ń bá àwọn ìbátan mi jiyàn lórí ibùsùn. Mò ń fún lọ́yà ní èsì tí ó mú bí abẹ. Mo jáwé olúborí nínú ẹjọ́ náà ní nǹkan bí ogún ìgbà. Ojú mi ń wá fóònù bí ojú ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ti ń wá ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo kà nípa ìwádìí kan tí Timothy Wilson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2014. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dá jókòó nínú yàrá òfìfo fún ìṣẹ́jú 15, láìṣe nǹkan kan ju ríronú lọ. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ó lè fi iná mànàmáná gbọn ènìyàn. Nínú ọkùnrin 18, àwọn 12 ni ó tẹ ẹ̀rọ náà gbọn ara wọn. Nínú obìnrin 24, àwọn mẹ́fà ni. Ìrora tẹ́ wọn lọ́rùn ju kí wọ́n wà pẹ̀lú ara wọn lọ! Nígbà tí mo kà á, kò yà mí lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹrin ni nǹkan yí padà. Kò sí ìran tí mo rí, kò sì sí ohùn tí ó pè mí láti òkè. Mo ṣàkíyèsí pé mo ń gbọ́ ìgbálẹ̀ ẹni tí ń gbá àgbàlá, mo sì ń gbọ́ ọ tán kí èrò mìíràn tó wọlé. Oorun mi jinlẹ̀. Oúnjẹ ní adùn tí ó ti sọnù lẹ́nu mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, bí mo ti ń rìn lábẹ́ àwọn igi, ọ̀rọ̀ kan padà wá sí etí mi láti ìpàdé wa ẹlẹ́ẹ̀kejì. Opó àbúrò mi ni ó sọ ọ́. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ó jókòó sí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Bí ẹ bá tà á, ibo ni kí n kó àwọn ọmọ yìí lọ?” Ariwo bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n etí ti gbà á sínú, ó sì pa á mọ́ títí di ọjọ́ tí àyè gbà á. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìpàdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni ìbéèrè tòótọ́. Gbogbo ìyókù jẹ́ ti owó àti ti ta ni ó ju ta ni lọ.

Nígbà tí mo padà sí Ìrẹ̀mọ, n kò bá wọn mú ìdájọ́ kankan bọ̀. Ìlànà kan ni mo mú bọ̀: pé kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ tán, kí gbogbo wa sì dákẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀ kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀, àti pé opó náà ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Ìpàdé ọjọ́ náà gùn, kò sì sí èébú níbẹ̀. Níkẹyìn a kò ta ilẹ̀ náà. Iwájú rẹ̀ nìkan ni a fi háyà fún ọdún mẹ́wàá, a fi ọgbà yí ibojì ká, a sì fi yàrá opó náà sílẹ̀ fún òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe pé gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn. Títí di òní, ẹnì kan wà nínú àwọn ọmọ bàbá mi tí kì í dá mi lóhùn tọkàntọkàn bí mo bá kí i. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe oògùn tí ń sọ gbogbo ènìyàn di ọ̀rẹ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò dé kóòtù, a sì tún ń sin òkú wa pọ̀.

Bí a bá wá bi mí pé kí ni èrè rẹ̀ fún ara, n óò ní ó wà. Ní ọdún 2006, Luciano Bernardi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì ń wádìí ohun tí orin ń ṣe sí ọkàn àti èémí. Wọ́n fi ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú méjì sí àárín àwọn orin náà. Ohun tí ó yà wọ́n lẹ́nu ni pé ní ìṣẹ́jú méjì yẹn, ìrusókè ẹ̀jẹ̀ àti lílù ọkàn àwọn ènìyàn náà wálẹ̀ ju bí wọ́n ti wà lọ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ìsinmi ara nìyẹn. Ṣùgbọ́n èrè tí ó tóbi jù lójú tèmi ni pé ìdákẹ́jẹ́ ń ya ohun tí a gbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fẹ́ gbọ́. Omi tí a bá ń rú, a kì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tòrò tán ni òkúta yóò hàn.

Ó yẹ kí n ṣe ìkìlọ̀ díẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ tí ènìyàn fẹ́ fúnra rẹ̀ ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tí a fi ipá múni ṣe. Opó tí a tì mọ́ yàrá tí a sì fi ẹ̀sùn ikú ọkọ rẹ̀ kàn, kò sí nínú ìsinmi. Inú ìyà ni ó wà. Odì yíyàn náà kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́, nítorí ẹni tí ń yan odì ń sọ̀rọ̀ kíkan nínú láti òwúrọ̀ di alẹ́. Bákan náà, ẹni tí ìbànújẹ́ bá wọ̀ lọ́rùn, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, kí ó má ṣe dá lọ fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ púpọ̀ láìsí ẹni tí ń mójú tó o. Ìyàsọ́tọ̀ lè mú irú ẹ̀dùn bẹ́ẹ̀ le sí i. Ọmọ-oyè pàápàá kì í dá wà ní Ìlofì. Àwọn àgbà ń bẹ ní tòsí.

Kì í ṣe dandan kí a rìn dé Ewu. Àwọn mìíràn a lọ sí oko fún ọjọ́ mẹ́ta láìmú fóònù dání. Àwọn mìíràn a jí kí àdúgbò tó jí, wọn a jókòó fún ìdajì wákàtí, wọn kì yóò ka ìwé, wọn kì yóò tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọn yóò kàn máa gbọ́ èémí ara wọn. Ẹni tí ó ń ṣòwò ìjà lè ṣe é kí ó tó lọ pe ẹjọ́. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bí nínú lè ṣe é kí ó tó na ọmọ. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn kò sọ pé kí ẹnu má sọ̀rọ̀ mọ́ láé. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọba ni kí a ṣe fún ara wa: kí ẹnu kọ́kọ́ wọ Ìlofì tirẹ̀, kí etí sì ráyè ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ tí yóò jáde lẹ́yìn náà lè jẹ́ èyí tí a lè dúró tì.